Ìwé Hugo Ni Ká Gbé Wá sí Ìkẹ̀rẹ́, Ká Fi Orin London Sílẹ̀

Eré olórin tí wọ́n fi ìwé Victor Hugo, Les Misérables, ṣe ti kúrò ní ohun tí à ń wò ní ìlú ńláńlá nìkan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Japan ti ń kọ ọ́ ní èdè tiwọn láti 1987, fíìmù tí Tom Hooper darí ní 2012 sì ti gbé e dé inú fóònù ẹnikẹ́ni tó bá rówó ra dátà. Kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Ìkẹ̀rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré kò fi ní ronú àtigbé e sórí ìtàgé. Ohùn kò wọ́n ní gúúsù Èkìtì. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ nìkan tó ẹni tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ yanjú ni ohun tí wọn yóò gbé gan-an. Ṣé eré olórin náà ni, bó ṣe ti London wá, pẹ̀lú orin rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti gbogbo àṣẹ tó rọ̀ mọ́ ọn, àbí ìwé tó bí i? Èmi gbà pé ìwé ni. Mo sì gbà pé ẹni tó bá gbé eré London lọ sí Ìkẹ̀rẹ́ bó ṣe wà ti ṣe iṣẹ́ ńlá sí ibi tí kò tọ́, bó ti wù kí àwọn akọrin rẹ̀ mọ orin kọ tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da ìwé àti eré pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 118 ló wà láàrin wọn. Hugo wà ní ìgbèkùn ní erékùṣù Guernsey, nítorí ìjà òun àti Napoleon Kẹta, nígbà tí ìwé náà jáde ní 1862, apá márùn-ún gbáko. Ìtàn Jean Valjean ni, ọkùnrin tó jí búrẹ́dì kan ṣoṣo nítorí àwọn ọmọ méje tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 5. Ó ń sá, wọ́n ń mú un, ó di ọdún 19. Nígbà tó jáde, bíṣọ́ọ̀bù kan gbà á sílé, ó jí ohun èlò fàdákà bíṣọ́ọ̀bù náà gbé. Nígbà tí ọlọ́pàá fà á padà, bàbá náà ní òun ló fún un, ó sì tún fi ọ̀pá àbẹ́là fàdákà méjì lé e. Ibẹ̀ ni Valjean ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe di ènìyàn, tí ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Javert sì ń tọpa rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní 1980 ni Claude-Michel Schönberg kọ orin sí i, tí Alain Boublil kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Faransé, wọ́n ṣe é ní Palais des Sports ní Paris fún ìwọ̀nba oṣù, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀. Cameron Mackintosh, agbátẹrù eré, ló gbé e lọ sí London. Olùdarí eré méjì, Trevor Nunn àti John Caird, tún un tò, Herbert Kretzmer, akọ̀ròyìn tó tún ń kọ ọ̀rọ̀ orin, fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wọ́n fi orin tuntun kún un, wọ́n sì ṣí i ní gbọ̀ngàn Barbican ní 8 October 1985. Àwọn aṣelámèyítọ́ inú ìwé ìròyìn nà án lẹ́gba ọ̀rọ̀; àwọn òǹwòran ò dá wọn lóhùn, wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní ojúlówó lónìí, àtúnṣe orí àtúnṣe ni. Àwọn ará London kò gba ti Paris bó ṣe wà. Wọ́n tú u, wọ́n sì hun ún ní ìwọ̀n ara tiwọn. Bí ohun kan bá wà tó yẹ ká kọ́ lọ́wọ́ wọn, ìgboyà yẹn ni.

Òfin pàápàá ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún irú ìgboyà bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ẹ̀tọ́ lórí ìwé ń parí nígbà tí òǹkọ̀wé bá ti kú tó ọdún 70. Hugo kú ní 1885. Ẹnikẹ́ni ní Èmùré lè mú ìwé rẹ̀ lónìí, kó sọ Valjean di àgbẹ̀, kó sọ Cosette, ọmọdébìnrin inú ìtàn náà, di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹlẹ́mu, kò sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Wọ́n tilẹ̀ ti dán an wò ní ilẹ̀ Faransé. François Cérésa kọ ìtẹ̀síwájú ìtàn náà ní 2001, Pierre Hugo, ọ̀kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ òǹkọ̀wé náà, sì gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ní 2007, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ kò gbà pé ẹbí lè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ fi ìwé tó ti di ti gbogbo ayé dá nǹkan tuntun. Ti eré olórin yàtọ̀ pátápátá. Orin Schönberg àti ọ̀rọ̀ Kretzmer, ẹni tó kú ní 2020, ṣì ní olówó. Ilé-iṣẹ́ Music Theatre International ló ń fún ẹgbẹ́ àti ilé-ìwé níwèé àṣẹ, owó ni wọ́n sì ń gbà lé e. Ẹni tó bá gbàṣẹ kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà, kò gbọdọ̀ yí orin padà; títúmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, ọ̀rọ̀ àṣẹ mìíràn ni. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n gé kúrú fún ilé-ìwé, òfin kan náà ló de òun náà. Ẹgbẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ yẹn ní Ìkẹ̀rẹ́ yóò san owó kí wọ́n má baà lè fọwọ́ kan ohun tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn jù lọ.

Orin ni ohun náà. Ọ̀rọ̀ sísọ kò tó nǹkan nínú eré yìí. Orin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi wákàtí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gun orin lọ sókè, kó sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wù ú, ìtumọ̀ rẹ̀ ò ní sọnù. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orin bá ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, elétí yóò gbọ́ ohun mìíràn, tàbí kó má gbọ́ ohunkóhun. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé orin ìjọ láti ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà, a sì ń kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní gbangba láìbìkítà nítorí pé a ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí láti kékeré. Ká ní àjèjì kan tó gbọ́ Yorùbá ni, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, yóò máa wojú wa ni. T. K. Ekundayo Phillips, tó darí orin fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kàtídírà Christ Church ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953, kókó tó sì dì mú ni pé orin gbọdọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Dúró Ládipọ̀ ṣe é ní ìṣe ní Òṣogbo ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960: ó kọ orin Àjíǹde, ó gbé ìlù Yorùbá wọ inú ìjọ, àwọn kan yarí, ó sì kó eré rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tó jáde tí eré rẹ̀ Ọba Kò So fi dé, ní 1963. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ti wà níwájú àwọn òǹwòran ní Berlin. Bí a bá wá mú orin Schönberg, tí gbogbo ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ti dì pa, tí a ní ká fi Yorùbá kọ ọ́, àṣìṣe àwọn míṣọ́nnárì ni a tún fẹ́ ṣe, a ó sì tún sanwó lé e.

Ẹnìkan lè ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ nígbà náà. Ó ṣeé ṣe. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tálákà ni Hugo kọ, ti Fantine, obìnrin tó ta irun orí rẹ̀ kó tó ta eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì láti fi bọ́ ọmọ. Ká wá fi wákàtí mẹ́ta kọrin ìyà mẹ̀kúnnù ní èdè tí ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Ìkẹ̀rẹ́ kò ní bá wa lọ nínú rẹ̀, tí òun náà sì sanwó wọlé! Èyí kì í ṣe àbùkù fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí eré náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a ti tì sẹ́yìn ògiri.

Ọmọ Èkìtì kan ti fi bí a ṣe ń gbé ìwé ìtàn-àròsọ sórí ìtàgé hàn wá láti ọjọ́ yìí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí wọ́n bí ní 1925, tíṣà ni kó tó di eléré. Ní 1963, lẹ́yìn tí Yunifásítì Ìbàdàn ti gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù mélòó kan, ó gbé Ọ̀mùtí jáde, tó fi ìwé tí Amos Tutùọlá kọ ní 1952 ṣe, Demas Nwoko sì bá a ṣètò ìtàgé rẹ̀. Ẹ wo bí ìwé yẹn ti rìn: ọmọ Ẹ̀gbá ló fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, irú Gẹ̀ẹ́sì tí ilé-ìwé kì í kọ́ni; wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní London; Raymond Queneau sọ ọ́ di Faransé ní 1953, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé ṣì ń tijú rẹ̀. Ògúnmọ́lá kò jókòó túmọ̀ rẹ̀ ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó fún ọ̀mùtí náà lórúkọ, Láńkẹ́. Ó gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn abàmì ẹ̀dá tó kún inú ìwé kúrò. Ó fi orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu gbé ìtàn náà ró, lílé àti ègbè, tí òǹwòran lè gbà lẹ́nu òṣèré kó tó dé ilé. Ó tún sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá. Níbi tí mo ti yapa sí i nìyẹn: àlá ń mú ẹ̀rù kúrò lára ìtàn, nítorí bí Láńkẹ́ bá jí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé, ikú, ikú ni. Àmọ́ àwọn òǹwòran kò bá a jà. Eré náà ká ilẹ̀ Yorùbá, ó sì dé àjọ̀dún àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ní Algiers ní 1969. Ká ní Ògúnmọ́lá dúró de eré olórin tí òyìnbó kan ti fi ìwé Tutùọlá ṣe, kó tó gba àṣẹ láti ṣe tirẹ̀, a kì bá tí rí Ọ̀mùtí.

Àwọn tó gba iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn rẹ̀ náà kò wá àṣẹ ìfarawé. Nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, Ọlá Rótìmí mú Oedipus ti àwọn Gíríìkì, ó sì sọ ìjà oríta tó gba ẹ̀mí bàbá di ìjà lórí ilẹ̀ oko. Kò sí ìlú kan ní Èkìtì tí wọn ò ti mọ bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Fẹ́mi Òṣófisan, tí Faransé jẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, mú eré apanilẹ́rìn-ín Feydeau, ará Faransé, ó sọ ọ́ di Midnight Hotel, ó kó àwọn òṣèlú ayé Ṣàgàrí sí inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ní 1977, Wọlé Ṣóyínká mú eré olórin Brecht, tí Brecht fúnra rẹ̀ mú lọ́wọ́ John Gay, ó sọ ọ́ di Opera Wonyosi, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn olówó epo rọ̀bì àti Bokassa pọ̀. Akin Euba náà kọ ópẹ́rà Chaka ní 1970 láti inú ewì Faransé tí Senghor kọ, ìlù ilẹ̀ Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyàtọ̀ wà láàrin wọn, bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá dí ojú ọ̀nà mọ́ òǹwòran. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn wá bí ẹni gbé àpótí tí wọ́n ti kàn pa.

Bí a bá fẹ́ ẹ̀rí tó súnmọ́ wa jùyẹn lọ, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ̀rẹ́. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó wá ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalè, ọba Ìsẹ̀, ló gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ìbẹ̀wò Kápítéènì Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba, sọ́dọ̀ Ògògà ni ó gbẹ́ sára rẹ̀: òyìnbó wà nínú àga tí wọ́n fi ń gbé e, àwọn aláàárù ru ẹrù lórí, Ògògà jókòó pẹ̀lú àwọn olorì rẹ̀. Ohun òkèèrè ni ó wọ inú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ: orí àwọn ènìyàn yọ síta kúrò lára pákó débi pé òjìji wọn ṣubú lé ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Òyìnbó kò tóbi ju Ògògà lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á; ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Àwọn ará ibí ti mọ bí à ń gba àlejò sínú iṣẹ́ ọnà láìjẹ́ kó di onílé, kí Schönberg tó dé ayé rárá.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kí ni a tún ń wá lọ sọ́dọ̀ Hugo? Fágúnwà wà níbẹ̀, ìtàn ogun Kírìjì wà níbẹ̀. Ìjà ìgboro Paris ní 1832, tó wà nínú ìwé náà, kò kan ará Ìsẹ̀. Mo gbà pé Fágúnwà tó, ó sì ti dé orí ìtàgé. Wálé Ògúnyẹmí fi ìwé rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ ṣe eré Langbodo fún àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú Hugo tí kò pọ̀ nínú ìwé wa, òun ni ẹjọ́ tó kọjá ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀, tí òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní àṣà ilẹ̀ wa, arìnrìn-àjò tí ebi ń pa lè wa iṣu sun jẹ lóko olóko, bí kò bá ti di í lẹ́rù lọ. Àgbẹ̀ tí àṣà yẹn dá láre, tí kóòtù wá rán lẹ́wọ̀n, Valjean gan-an nìyẹn, láìsí búrẹ́dì. Inú ìwé sì ni nǹkan tó bá wa mu pọ̀ sí, ju inú eré lọ. Eré London kàn fún Valjean ní ilé-iṣẹ́. Hugo sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú àti ẹ̀gbà ọwọ́ ni, tí Valjean rí ọ̀nà tuntun tí kò náni lówó láti fi ṣe é, tó sì fi sọ ìlú di ọlọ́rọ̀. Kí ni olùṣètò aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò ní fi ìyẹn ṣe? Eré London fo ọmọdékùnrin Petit-Gervais, tí Valjean fi ẹsẹ̀ tẹ owó fàdákà rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù ti dárí jì í. Láìsí ọmọ yẹn, ìrònúpìwàdà rẹ̀ yá jù. Ẹni tó bá gbọ́ ìwàásù dáadáa ní Èkìtì yóò fura sí i. Eré náà sì sáré kọjá lórí Champmathieu, bàbá aláìmọ̀kan tí wọ́n mú nítorí ẹ̀ka èso ápù, tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ Valjean rán lẹ́wọ̀n títí ayé.

Ní ti ìdínà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ìwé Hugo gbé kalẹ̀ ní ìgboro Paris láti bá ìjọba jà, ìrántí tiwa kò jìnnà. Ní August 1983, nígbà tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bọ́ríowó ló wọlé ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí Èkìtì wà lára rẹ̀, ìgboro gbaná. Ilé-ẹjọ́ dá ipò náà padà fún Adékúnlé Ajásin, gómìnà tó wà nípò tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó gba ìbúra sì ni àwọn ológun gba ìjọba. Àwọn ọ̀dọ́ Hugo kú lórí ìdínà láìrí nǹkan kan gbà. Àwọn ti ibí rí ohun tí wọ́n jà fún gbà, ó sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọdún tó yí. Òǹkọ̀wé eré tó bá gbọ́n kò ní pa ìrántí tiwa run láti mú ti Paris wá.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn orin náà wá, mi ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Orin Schönberg dùn, ẹ̀kọ́ sì wà nínú kíkọ ohun tó le bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin máa kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ níbi àpéjọ orin, bí àṣẹ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò pa eré lára. Ti ẹni tó ní kò sí òṣèré mọ́, pé ẹgbẹ́ alárìnjò ti kú tí fíìmù sì ti kó gbogbo wọn lọ, Èkó ti dá a lóhùn. Láti ìgbà tí Bọ́láńlé Austen-Peters ti gbé eré Saro jáde ní 2013, eré olórin ti padà di ohun tí àwọn ènìyàn ń sanwó wò, Wakaa, òmíràn nínú eré rẹ̀, tilẹ̀ dé London ní 2016, ìtàn tiwa sì ni gbogbo wọn, kì í ṣe ẹ̀dà ti òkèèrè. Owó Èkó kò sí ní Ìkẹ̀rẹ́, lóòótọ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìwé àṣẹ àti ogunlọ́gọ̀ onífèrè.

Bí yóò ṣe rí ní ìṣe kò ṣòro tó bí àwọn kan ṣe rò. Ẹ jẹ́ kí tálákà inú eré náà sọ èdè Ìkẹ̀rẹ́ àti ti Ìsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kí Javert nìkan máa fi Gẹ̀ẹ́sì kóòtù bá wọn wí, kí àwọn yòókù máa bi ara wọn léèrè ohun tó wí. Kí Fantine fi alámọ̀ sunkún ara rẹ̀. Ohùn àwọn obìnrin Èkìtì ni alámọ̀, ó gba ẹkún, ó gba èébú, ó sì gba ìbéèrè sí ẹni tó ni ìlú, kò sí orin London tó lè gba gbogbo ìyẹn pọ̀. Kí dùndún sì máa dárúkọ Valjean níbi gbogbo tó bá ti ń sá pa mọ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí òǹwòran tó mọ ìlù mọ̀ ọ́n ṣáájú Javert. Wákàtí mẹ́ta ti pọ̀ jù. Apá kìn-ín-ní ìwé náà nìkan tó fún eré wákàtí méjì, nítorí inú rẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù wà, inú rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ wà, ibẹ̀ ni Fantine kú sí, ibẹ̀ náà ni Valjean ti wọ kóòtù lọ fi ara rẹ̀ hàn kí wọ́n má baà fi ìyà jẹ Champmathieu. Apá kẹrin àti ìkarùn-ún, níbi tí ìdínà wà, lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.